Ohun Tí Ó Mú Ẹja Ọ̀gọ̀dọ̀ Tóbi

Ẹ bọ́ sábẹ́ òrùlé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi oòrùn yan orí. Ẹ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú yín, nítorí èmi kì í bá ẹ̀yìn orí sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò tòògbé, kí ó yáa lọ sùn sílé ìyá rẹ̀. Èmi Ògúnbọ̀dé, tí èmi àti ẹfọ̀n jọ wo ara wa lójú títí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ ṣẹ́jú, n kò ní tún ìtàn yìí sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìtàn tèmi. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ mọ̀ pé ẹran ni ìbá parí sí, gbogbo wa ìbá sì jẹ níbẹ̀. Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ ìlú Ọ̀gọ̀dọ̀, tí èmi àti rẹ̀ jọ dẹ igbó fún ọdún mẹ́rin. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọdẹ gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìbọn yìn tó mi.

Ní Ọ̀gọ̀dọ̀, ilé tí kò bá ní adágún ẹja kì í ṣe ilé. Ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan ló ní kòtò omi tirẹ̀, epìyà ni wọ́n sì ń sìn nínú rẹ̀. Ọkùnrin ní í gbẹ́ adágún, obìnrin ní í bọ́ ẹja. Àṣà wọn ni pé obìnrin kò gbọdọ̀ fún omi ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó tó fọ́n oúnjẹ sómi, yóò fi ìka mẹ́ta bù ú sẹ́nu, yóò sì gbé e mì. Wọ́n ní ẹja tí a bá fi ohun tí ẹnu wa kọ̀ bọ́, ọ̀nà ọ̀fun wa ni egungun rẹ̀ yóò ti gbẹ̀san. Ìyá ń ṣe é, ọmọ ń ṣe é, bí ẹni ń bọ́jú láàárọ̀ ni. Kò sí ọkùnrin kan ní Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó lè sọ fún ọ pé òun ti jókòó rò ó rí.

Ọba wọn ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọn kì í wo ìdílé ní ìlú náà bí wọ́n bá fẹ́ jọba, ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn jù láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, òun ni Olú Ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹni tí ó wà lórí oyè nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kan tó bo ojú ẹṣin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Ọjọ́ Ìwọ̀nja, ilé kọ̀ọ̀kan á mú ẹja kan wá, wọn á tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ ọba. Bí ìrù rẹ̀ bá kọjá ìka, ilé yẹn yè. Bí kò bá kọjá, wọn á wó ilé náà lójú ẹsẹ̀, wọn á fi àfọ́kù ògiri rẹ̀ dí adágún rẹ̀. Ọkọ di agékoríko láàfin, ìyàwó di ti ẹ̀yìnkùlé ọba, ọmọkọ́mọ tí ó bá sì bí lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ ọba ni. Ọmọ náà kò ní mọ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ.

Èyíwùnmí ni ìyàwó Ọdẹ́rìndé. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ọmọ tí kò rí. Aládùúgbò wọn kan wà tí ń jẹ́ Adétóún, abiyamọ ọlọ́mọ méje. Bí ó bá ti ń sọ ọmọ lórúkọ, yóò di orí ẹja sínú ewé, yóò fi ránṣẹ́ sí Èyíwùnmí, yóò ní kí wọ́n wí fún un pé, "Ẹni tí kò ní ẹni tí ń sunkún lọ́rùn rẹ̀ ló ráyè ṣa egungun orí ẹja." Ìgbà méje ni orí ẹja yìí wọlé. Èyíwùnmí á gbà á, á dúpẹ́, á sì jẹ ẹ́ tán, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n wí pé inú ń bí i.

Nígbà tí ó di ọdún kejìlá, oyún dúró. Ọdún yẹn náà sì ni odò ńlá tí wọ́n ti ń kó yọyọ gbẹ. Yọyọ yìí, àwọn ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín nì, ni wọ́n máa ń sá gbẹ, tí wọ́n ń gún bọ́ epìyà inú adágún. Odò gbẹ, oúnjẹ tán. Ẹja kò wá kú, ì bá sàn kí wọ́n kú. Wọ́n ń bímọ ṣáá ni. Adágún kún fún ọmọ ẹja bí ègúsí nínú igbá, kò sì sí èyí tí ó gùn ju àtàǹpàkò lọ nínú wọn. Ọjọ́ Ìwọ̀nja ku oṣù mẹ́rin, oyún Èyíwùnmí jẹ́ oṣù mẹ́ta.

Ọdẹ́rìndé ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, iwin obìnrin kan wà tí ó ń fi ewé àti èso nìkan sin ẹja, tí ẹja rẹ̀ sì ń tóbi. Ó kó ọfà, ó kó àdá, ó fi ìbọn kọ́ èjìká.

Èyíwùnmí bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá ilé, n ò ní kẹ́ ẹ mú nǹkan ńlá bọ̀ wá fún mi o. Kí ọmọ yìí ṣáà sunkún nínú ilé yìí, kẹ́ ẹ pè é lórúkọ, kó dá yín lóhùn. Ìyẹn náà ti tó mi."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ǹjẹ́ mo lọ wá nǹkan rí tí n kò rí i? Lọ jókòó, kí o máa yan orúkọ."

Ó wọ igbó. Ẹ má bi mí léèrè bí ọ̀nà ṣe gùn tó, ìyẹn kò kan yín. Ẹnu bodè igbó náà ni ó ti pàdé Amúlétí, iwin tí ń ṣọ́ ọ̀nà. Iwin yìí kò lójú, kò nímú, etí ló fi bo gbogbo ara. Ó máa ń pa àlọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá. Ẹni tí kò bá lè já a, iwin náà á já etí olúwarẹ̀ méjèèjì, á kàn án mọ́ igi ìrókò kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì lé e padà sílé láìgbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọdẹ́rìndé wo igi náà. Àwọn etí tí ó wà lára rẹ̀ ṣì ń mì fìrífìrí bí iwin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń gbọ́.

Iwin náà ní, "Kí ni ń gbé àbúrò rẹ̀ mì, tí ìyá rẹ̀ ń wò ó, tí kò bá a wí?"

"Ẹja àrọ̀ ni," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Bí ebi bá ti pa á, ọmọ ìyá rẹ̀ di oúnjẹ."

"Kí ni ó jókòó sórí omi láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, tí ìdí rẹ̀ kò rì?"

"Ojú oró ni. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ọmọ ọwọ́ ìlú wa mọ ìyẹn."

Inú bí iwin náà díẹ̀. Ó ní, "Kí ni ó ń bọ́ ọmọ kan yó, tí ó ń fi ebi pa ọmọ kejì?"

Ọdẹ́rìndé dúró. Etí rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni pé wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìkẹyìn ó ní, "Ọmú ìyá ni, lọ́jọ́ tí ọmọ tuntun bá dé bá èyí tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú."

Iwin náà mi gbogbo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Kì í ṣe ìdáhùn tèmi nìyẹn, ṣùgbọ́n irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Kọjá." Ọdẹ́rìndé sì kọjá, kò bi í léèrè ìdáhùn tirẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mà á jókòó síbẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́.

Àárín igbó náà ni ó ti dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Afarabọ́ja. Ìlú mímọ́ ni, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n sì mọ àlejò ṣe. Wọ́n gbé omi fún un, wọ́n kí i kú ìrìn. Kò pẹ́ tí ó fi ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ara rẹ̀ pé nínú wọn. Èyí kò ní ọwọ́, tọ̀hún kò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti pàdánù ìka mẹ́rin. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbé baálẹ̀ wọn jáde wá. Kò ní ẹsẹ̀ rárá, apá kan ló kù fún un, ojú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú àlejò lọ wo ẹja. Adágún wọn fẹ̀ bí oko, ẹja inú rẹ̀ tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Baálẹ̀ na ìka sí ọ̀kan, ó ní, "Ẹsẹ̀ òsì mi nìyẹn. Wò bí ó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Ọdẹ́rìndé ní, "Baálẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò jẹ ẹ́, kí ara yín lè le?"

Ó ya baálẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ta ni í jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀?" Àwọn ìjòyè rẹ̀ wo Ọdẹ́rìndé pẹ̀lú àánú, bí a ti í wo ẹni tí a kò kọ́ dáadáa nílé.

Wọ́n sọ fún un pé àlejò kì í kọjá láìbọ́ ẹja. Ó béèrè ohun tí òun yóò fún wọn. Baálẹ̀ ní, "Èyí tí ọkàn rẹ bá yọ̀ǹda. Àwa kì í fi ipá mú àlejò. Ìka kékeré tó. Àwọn aláìláàánú ní í béèrè apá." Wọ́n gbé àpótí wá, wọ́n gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e. Obìnrin kan fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà kí àdá tó bà á, ó ń kí i pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" bí ẹni ń fọ egbò ọmọ. Ìka já. Wọ́n jù ú sómi, ẹja méjì jà lé e lórí, àwọn ará ìlú sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ó jìnnà sí wọn tán ni ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ewé di ọwọ́ rẹ̀, ó ní òmùgọ̀ ènìyàn ni ẹni tí ó fi ara rẹ̀ bọ́ ẹja.

Ọjọ́ kejì ni ó dé ọ̀dọ̀ Abùwébọ́ja, iwin tí ó wá wá. Létí omi ni ó bá a, ó jókòó, ó ń ja ewé sínú agbọ̀n, ẹja ń yọ orí wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ pátá, láti orí odò tí ó gbẹ dé orí oyún.

Iwin náà ní, "Ẹ̀yin ènìyàn rò pé ewé rọ̀ nítorí pé kò ní eyín. Gbogbo ohun tí ń hù ló ní oró tí ó fi ń gba ara rẹ̀ là. Bí o bá mọ bí a ṣe ń gba oró náà lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ ni. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sàréè ni. Bọ́ àwọn ẹja mi kí n wò ó."

Ó bu ẹ̀wà sóyà fún un. Ọdẹ́rìndé gún un ní tútù, ó fọ́n ọn sómi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ikùn ẹja méjìlá ti wú, wọ́n ti léfòó sórí omi. Iwin náà mú kí ó jẹ méjèèjìlá ní tútù, tẹgungun tìpẹ́, ó ní kí ó lè mọ orúkọ ohun tí ó pa. Ní ọjọ́ kejì ó fún un ní ewé ẹ̀gẹ́. Ó já a, ó dà á sómi bí ó ti rí. Ogójì ẹja kú. Lọ́tẹ̀ yìí, iwin náà so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, ó da orí rẹ̀ kodò sínú adágún. Bí ó bá ti fẹ́ kú, yóò fà á sókè kí ó mí lẹ́ẹ̀kan, yóò tún rì í. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bi í pé, "Báwo ni omi tí o bàjẹ́ náà ṣe rí lẹ́nu rẹ?"

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ọ̀gá yín burú, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́. Báyìí ni Ọdẹ́rìndé fi mọ̀ pé iná ní í gba oró lára sóyà, kí a yan án títí yóò fi ta òórùn dídùn kí a tó gún un. Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta àti omi tí a pààrọ̀ ní í gba ti ewé ẹ̀gẹ́. Ó mọ̀ pé kúlíkúlí ń fún ẹja ní ẹran ara, pé ewé móríńgà tí a sá lábẹ́ ibòòji ń fún un lẹ́jẹ̀, pé ewúro díẹ̀ àti áyù díẹ̀ kì í jẹ́ kí àrùn wọ ìfun rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ẹja á kọ oúnjẹ. Atalẹ̀ ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ògì gbígbóná ni a fi ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó má baà tú sómi, kí a tó sá a gbẹ. Nígbà tí ó mọ gbogbo èyí tán, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ojú ẹgba, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ti lọ.

Ó ní, "Ìyá, oṣù mẹ́ta ló kù fún mi. Ǹjẹ́ ẹja wa yóò tóbi ju ọwọ́ ọba lọ?"

"Kò ní tóbi tó bẹ́ẹ̀," ni iwin náà wí. "Epìyà ni ẹ ń sìn. Bí o bá fún un lóúnjẹ, ọmọ ni yóò fi bí. Ibi tí ì bá ti kọ́ ara rẹ̀, ọmọ ní ń kó o lọ."

Ọdẹ́rìndé wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Iwin náà dìde. Ó já ìbẹ́pẹ kan lórí igi tí ó dá dúró sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó là á, ó gbo kóró dúdú inú rẹ̀ jọ sọ́wọ́.

Ó ní, "Èyí kì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn ọmọ. Ẹja tí ó bá ń jẹ ẹ́ kò ní bímọ mọ́, gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ni yóò fi sanra. Ohunkóhun tí ó bá ní ilé ọmọ tí ó bá gbé e mì, ilẹ̀kùn náà ti nìyẹn, èyí tí ó bá sì wà nínú ilé yóò jáde."

Ọdẹ́rìndé ní, "Kí ó máa ti ilẹ̀kùn lọ. Ẹja ni mo fẹ́ bọ́, kì í ṣe ènìyàn."

"Ta ní í bọ́ ẹja nílé rẹ?"

"Ìyàwó mi ni."

Iwin náà wò ó. Àwọn iwin kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n bá ti sọ, ó tó. Ó gún kóró náà mọ́ ìyókù oúnjẹ ẹja, ó rọ ọ́ sínú àpò kan, ó ní bí a bá ṣe ń bù nínú rẹ̀ ni yóò máa kún. Ó fi ọ̀nà àbùjá hàn án. Ọdẹ́rìndé ń kọrin bọ̀ wálé.

Ojú ibi tí wọ́n ti gé ìka rẹ̀ ní Afarabọ́ja ti ń rà láti ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ilé, gbogbo ara rẹ̀ ti ń jó bí iná. Ó rí Èyíwùnmí, ó rí i pé ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀, ó gbé àpò náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Òun nìyí. Igbá kan láàárọ̀, igbá kan nírọ̀lẹ́." Ni ó bá ṣubú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ohùn Adétóún ni ó kọ́kọ́ gbọ́ níta, tí ó ń sọ fún ẹnì kan pé, "Ọmọ tí kò kúkú fẹ́ bá wọn gbé tẹ́lẹ̀." Ó wọ́ ara rẹ̀ dé yàrá ìyàwó rẹ̀. Èyíwùnmí sùn sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Fadérera, ìyàwó tuntun ilé kejì, kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná àti aṣọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló wà níta tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun nìkan ló wọlé wá. Ó gbé ojú sókè wo Ọdẹ́rìndé, ó mirí.

Igbá oúnjẹ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ipa ìka mẹ́ta wà nínú ìyẹ̀fun náà. Ọdẹ́rìndé wò ó títí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ti ń rí ìka mẹ́ta yẹn nínú igbá ìyá rẹ̀, nínú igbá àwọn àbúrò rẹ̀, kò sì rántí i létí omi níwájú iwin. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Nígbà tí Fadérera lọ tán, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Èyíwùnmí kò sunkún. Ó ní, "Ṣé ilẹ̀kùn náà máa ṣí padà?"

"Kò sọ pé yóò ṣí."

"Ọmọkùnrin ni. Wọ́n fi hàn mí." Ó yíjú kúrò lára ògiri. "Ṣé ẹja ń tóbi?"

Ọdẹ́rìndé ti gba ẹ̀gbẹ́ adágún kọjá nígbà tí ó ń wọ́ bọ̀ ní yàrá náà. Ó ní, "Wọ́n ń tóbi."

Obìnrin náà dìde, ó di ògiri mú dé ibi tí igbá wà, ó gbé e jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdẹ́rìndé tẹ̀ lé e. Lójú rẹ̀ ni ó ti fi ìka mẹ́ta bù ú, tí ó gbé e mì. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó já ọwọ́ gbà, ó ní, "Kí ló tún kù nínú mi tó fẹ́ mú?" Ó fọ́n ìyókù sómi, ẹja sì dà bo ara wọn níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìwọ̀nja dé. Ilé mẹ́ta ni wọ́n wó kí ó tó kan Ọdẹ́rìndé, adágún mẹ́ta ni wọ́n dí. Wọ́n tẹ́ epìyà rẹ̀ sórí ọwọ́ ọba. Ọwọ́ tí ó lè bo ojú ẹṣin fara pamọ́ pátá sábẹ́ ẹja náà. Ọba dìde dúró, ohun tí kò ṣe rí. Ó béèrè ohun tí ó wà nínú oúnjẹ náà.

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó pe sóyà, ó pe kúlíkúlí, ó pe ewé ẹ̀gẹ́ àti móríńgà, ewúro, áyù, atalẹ̀, ògì. Ó ku ọ̀kan. Ó wo àárín àwọn obìnrin, ó rí ojú Èyíwùnmí. Obìnrin náà rọra mirí fún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Adétóún dúró sí, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti tó ẹni tí ń bọ́ ẹja. Ọdẹ́rìndé, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì níwájú iwin, pa ẹnu dé.

Ọba pàṣẹ pé láti ọ̀la, ilé gbogbo yóò máa gba oúnjẹ ẹja lọ́wọ́ ìyàwó Ọdẹ́rìndé.

Oòrùn kò tíì le tí wọ́n fi tò sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbá. Adétóún ló ṣíwájú. Ó ní, "Ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ẹ má wo ti àná o. Aládùúgbò ni wá." Èyíwùnmí ní kò sí nǹkan kan láàárín àwọn. Ó bù ú fún un, ó bù ú fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń bù ú, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Ọdẹ́rìndé jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ka àwọn ìka tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Fadérera dé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn rẹ̀ mú bí àwọn tí kò tíì fẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ara ti le?"

Ọwọ́ Èyíwùnmí dúró nínú àpò. Ọdẹ́rìndé gbé ojú sókè. Ó sọ fún mi pé òun ń dúró de ìyàwó òun kí ó sọ̀rọ̀, pé ó dá òun lójú pé ìyàwó òun náà ń dúró de òun. Èrò tò sẹ́yìn ọmọbìnrin náà títí dé ojú pópó, gbogbo àwọn tí wọ́n ti gbà lọ sì ti dé ilé wọn.

"Ara ti le," ni Èyíwùnmí wí. "O ṣeun ọjọ́ yẹn. N kò gbàgbé." Ó bù ú kún igbá Fadérera dé etí. Lẹ́yìn náà ó tún ki ọwọ́ sínú àpò, ó sì fi èènì lé e.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé bá a dé fún mi, ibẹ̀ náà ni mo bá a dé fún yín. Mo ti dé Ọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fi ẹja ṣe mí lálejò, ẹja náà sì tóbi. Ẹ dìde ńlẹ̀. Kí oníkálukú lọ sílé, kí ó lọ wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀.